Orúkọ Tí Wọ́n Fún Tòmátì Rírọ̀

Nusirat kì í pẹ́ dúpẹ́. Bí ọkọ̀ tó kó tòmátì láti òkè Ọya bá dé láàárọ̀ láìjẹ́ pé ó dákú lọ́nà, á ní Alhamdulillah. Bí oníbàárà bá ra ìwọ̀n kékeré kan ṣoṣo, á gbàdúrà fún un títí onítọ̀hún á fi máa wo aago. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ní ìlà tòmátì ní Mile 12 máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnì kan bá tẹ Àlàájà lẹ́sẹ̀, á kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ẹni náà ò wọ bàtà onírin. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni obìnrin yìí fi ń jáde nílé láàárọ̀ pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Igbe Ṣàràfá ló ń bà á nínú jẹ́.

Ṣàràfá ni olórí àwọn tó ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn obìnrin tó ń tà á ní wẹ́wẹ́. Ó ga, ó lẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì lè jí ẹni tó sùn ní Ògùdù. Òun ló dá àṣà kan sílẹ̀ ní ìlà wọn. Kì í pe tòmátì ní líle tàbí rírọ̀ bí àwọn tó bá níbẹ̀ ṣe ń pè é. Orúkọ eléré ìdárayá ló fi ń pè é. Èyí tó le, tó pupa dáadáa, tó lè wà nínú apẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kí nǹkan kan má ṣe é, Akin ló ń jẹ́. Èyí tó rọ̀, tí omi ti ń jò lára rẹ̀, tí àwọn olóúnjẹ máa ń sáré rà nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹ̀sà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, Ṣàràfá ti fún un ní orúkọ tuntun. Labeebah ló sọ ọ́.

"Labeebah rèé o!" á máa ké láti orí àpótí tó ń dúró lé. "Ó pupa lójú, òògùn ló wà nínú! Ẹ tètè lọ sè é o, kò lè sáré dé òpin!"

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà náà fi kọ́ ọ. Àwọn ìyàwó ilé tó ń wakọ̀ wá láti Magodo, tí wọn ò mọ Labeebah rí, á sọ gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí Labeebah?" Bẹ́ẹ̀, Labeebah ni ọmọ kan ṣoṣo tí Nusirat bí sáyé.

Eléré sísá ni ọmọ náà. Láti kékeré ló ti ń sá tẹ̀lé oníbàárà tó bá gbàgbé agboòrùn, láti ìlà tòmátì títí dé ẹsẹ̀ afárá, agboòrùn á sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín kó tó wọkọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí orílẹ̀-èdè yìí kó lọ sókè òkun láti lọ sáré alágbàfà, èyí tí wọ́n máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn sá. Wọ́n gba ipò kẹta. Ẹ wá wo Kétu lọ́jọ́ náà! Ṣàràfá tí mò ń wí yìí gan-an ló sọ tòmátì tó le jù lọ́jà ní Labeebah, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó sì fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ni èsì àyẹ̀wò jáde. Wọ́n rí nǹkan nínú ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ní Labeebah kò gbọdọ̀ sáré fún oṣù mẹ́rìnlá.

Òògùn ikọ́ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ikọ́ ń dà á láàmú lọ́sẹ̀ tó fẹ́ rìnrìn-àjò, ìyá rẹ̀ sì ra òògùn inú ìgò kékeré kan tí kò ní ìwé lára lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri. Nusirat fúnra rẹ̀ ló fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, òun náà ló ki ìgò sínú àpò ọmọ kó lè máa lò ó lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ bi Labeebah léèrè ẹni tó fún un, ó ní òun lòun rà á. Kò fẹ́ kí orúkọ ìyá òun wọ inú ìwé wọn. Nusirat kò tíì sọ èyí fún ẹ̀dá alààyè kankan, ojoojúmọ́ ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀, ọpẹ́ tó ń dùn ún bí egbò.

Bí wọ́n ṣe bú ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n má sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bú u lórí rédíò. Wọ́n ní ó dójú ti Nàìjíríà, wọ́n ní olè ni. Àwọn kan ní kí lèèyàn ń retí lọ́dọ̀ ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó ń wọ ṣòkòtò péńpé níta gbangba. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ pàdánù àmì ẹ̀yẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ju èèpo ọsàn lù ú ní ibùdókọ̀ Kétu, àmì ẹ̀yẹ wo ni tiẹ̀?

Ní ọdún yẹn kan náà, Akinkúnmi, ọmọ Ìkòsì tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù, òun tí wọ́n sọ tòmátì líle lórúkọ rẹ̀, lu Damaris ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe ìgbátí kan. Ó lù ú títí ojú rẹ̀ fi wú pa, etí òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ràn mọ́ títí dòní. Gbogbo fóònù ni fọ́tò náà dé. Ọlọ́pàá ọ̀hún tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní kó sinmi fún ìdíje méjì.

Kí lọjà wí? Ọjà ní ọ̀rọ̀ lọ́kọ-láya ni. Wọ́n ní kí lobìnrin náà sọ sí i ná? Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló ń bá ọmọ wa jà, ẹ jẹ́ ká fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa padà sórí pápá, tó gbá méjì sáwọ̀n, díẹ̀ ló kù kí ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Kétu wó lu àwọn tó wà nínú rẹ̀. Tòmátì tó ń jẹ́ Akin kò pàdánù orúkọ rẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó mu òògùn ikọ́ di ẹni ìtìjú, ẹni tó lu èèyàn títí etí fi di ṣì ń jẹ́ ọmọ wa. Ó ń bí mi nínú bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Damaris ti padà sílé ìyá rẹ̀ ní Ìkòsì. Ìyá náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Mummy Damaris, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló jókòó ti Nusirat ní ìlà náà láti ohun tó lé ní ogún ọdún wá. Ó ń ta tàtàṣé, ó sì ń ta tòmátì díẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Tí oṣù Ràmàdánì bá dé báyìí, tí Nusirat bá ń gbààwẹ̀, ẹ̀yìn àpò ata ló máa ń lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun rẹ̀, kò ní sọ pé nítorí ẹnikẹ́ni ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Damaris ṣẹlẹ̀, Nusirat gbé ọsàn lọ kí wọn nílé, ó sunkún níbẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn padà sọ́jà.

Labeebah ní tirẹ̀ kò lè gbé Kétu mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ Hidayat, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Ìṣẹrì Olówóra. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Nusirat ń lọ wò ó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lọmọ sì ń sọ. "Mummy, mi ò bínú sí yín. Ọjọ́ tí wọn ò bá fi orúkọ mi pe tòmátì jíjẹrà mọ́, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni màá wálé."

Ní Ràmàdánì ọdún yìí, oṣù mẹ́rìnlá náà pé. Wọ́n ti pe Labeebah pé kó wá sí ibùdó ìgbaradì ní Àbújá ní ọjọ́ kẹta ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Nusirat mọ̀ pé bó bá lọ láìkọ́kọ́ wálé, á mọ́ ọn lára láti máa yẹra fún ilé. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ ní gbogbo ìrun tó ń kí: kí ọmọ òun wá jẹun ọdún nílé òun, kó sì tún jókòó sídìí tòmátì bíi ti àtijọ́, kó tó lọ.

Ọdún ku ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí Ṣàràfá wá bá a nídìí ọjà, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Àlàájà mi! Akin ń bọ̀ o. Akin fúnra ẹ̀! Thursday ló ń bọ̀ wá kí ọjà, ó fẹ́ pín ìrẹsì ààwẹ̀ fún wa. A máa gbé apẹ̀rẹ̀ Akin kan fún Akin. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e lé e lọ́wọ́."

"Èmi kẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Ẹ̀yin ni ìyá ẹgbẹ́ lọ́dún yìí. Ẹ tún wo nǹkan míì. Ìyá Labeebah fọwọ́ ara ẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ fún Akin! Àlàájà, fídíò yẹn máa jà gan-an."

Nusirat wo tòmátì tó wà níwájú rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ti ń béèrè láti oṣù mẹ́rìnlá, tí Ṣàràfá máa ń fi ẹ̀rín dá a lóhùn. "Tí mo bá ṣe é, ṣé wàá yọ orúkọ ọmọ mi lára ẹ̀sà?"

Ṣàràfá gbé ọwọ́ lé àyà. "Lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀sà á padà máa jẹ́ ẹ̀sà. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, mi ò lè parọ́ fún yín."

Bí Nusirat ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkùnrin náà. Kò dúró dìrọ̀lẹ́ kó tó pe Labeebah lórí fóònù. Labeebah ní, "Ṣé wọ́n búra?" Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ pé wọ́n búra, ó ní, "Ó dáa, Mummy. Ẹ bá mi ṣe mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin lọ́jọ́ ọdún." Ọjọ́ yẹn náà ni Nusirat ra ewé mọ́ínmọ́ín pamọ́, àfi bí ẹni pé ewé fẹ́ wọ́n.

Lọ́jọ́ Túsìdé, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ògùdù dúró síwájú igbá Mummy Damaris.

"Mummy, ẹ ní Labeebah? Páìntì méjì ni mo fẹ́."

"Mo ní tòmátì rírọ̀," ni Mummy Damaris dá a lóhùn.

"Labeebah náà ni mo ń wí."

"Tòmátì rírọ̀ ni mo ní, ọmọ mi. Ṣé kí n wọ̀n ọ́n?"

Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní kó wọ̀n ọ́n.

Nusirat ń gbọ́. Ó ti gbọ́ ọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń wá ọjọ́ kan, ọjọ́ kan péré, tí Mummy Damaris fi orúkọ ọmọ òun pe ẹ̀sà láti oṣù mẹ́rìnlá yìí. Kò rí ọ̀kan. Àwọn mìíràn ní ìlà náà ti ń pè é ní Àlàájà nítorí pé "Ìyá Labeebah" ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, obìnrin yìí nìkan kò yéé pè é ní Ìyá Labeebah. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ó fẹ́ ṣí ẹnu dúpẹ́ ni oníbàárà yẹn bá yíjú sí i.

"Àlàájà, Akin yín ńkọ́?"

Ẹnu Nusirat ti dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀. "Akin wà! Akin gidi, Akin tí kì í bàjẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò!"

Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bá ọwọ́ Mummy Damaris. Ìdí tàtàṣé ló ń já. Ọwọ́ náà dúró, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún èèyàn. Ó ṣe díẹ̀, ó tún ń ṣiṣẹ́ lọ. Nusirat ti rí i rí, ọwọ́ tó ń dúró yẹn. Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ó ti rò pé làkúrègbé ló ń da ìyá náà láàmú.

Ojú tì í débi pé kò lè wọn tòmátì mọ́. Òun ti ń sunkún oṣù mẹ́rìnlá nítorí orúkọ kan, òun náà ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ké orúkọ kejì sí etí ìyá ọmọ tí wọ́n lù.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, nígbà tí èrò dín kù, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Mummy Damaris, mo wá tọrọ àforíjì."

"Kí lẹ ṣe, Ìyá Labeebah?"

"Ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é létí yín."

Mummy Damaris nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Orúkọ tí wọ́n fún ọjà ni. Ẹ ṣáà ní láti tajà."

"Ẹ̀yin náà ń tajà. Ẹ ò fi orúkọ ọmọ mi pè é rí."

"Ẹ̀yìn mi níbí lọmọ yẹn ti ń sùn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, tí ẹ bá lọ kírun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa fi orúkọ ẹ̀ pe nǹkan tó ń jò?"

Ibẹ̀ ni Nusirat ti bú sẹ́kún. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìgò òògùn ikọ́ fún un, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún Hidayat àbúrò rẹ̀ pàápàá. Mummy Damaris gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyá wo ni kì í fún ọmọ lóògùn ikọ́?" Ó sì tún ní, "Mo gbọ́ ti apẹ̀rẹ̀ Thursday. Ẹ gbé e fún un. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wálé. Tèmi ti wà nílé, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Èmi á kàn kọ ẹ̀yìn sí wọn ni."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Nusirat sọ fún Labeebah lórí fóònù pé ẹnì kan wà lọ́jà tí kò fi orúkọ rẹ̀ pe tòmátì rí. Labeebah béèrè ẹni náà, ìyá rẹ̀ sì sọ fún un.

Lọ́jọ́ Thursday, jíìpù funfun méjì wọ Mile 12. Ẹ ò ní rí ilẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gun orí ọkọ̀ akẹ́rù, fóònù wà lókè bí ìgbà tí èrò ń nawọ́ gba omi. Akinkúnmi sọ̀ kalẹ̀. Ká má parọ́, ó dára lọ́mọkùnrin, ó ń ta sánsán, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọlọ́jà, ó tẹrí ba fún àwọn obìnrin ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ìsọ̀ ata tí obìnrin kan ti kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó kọjá bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀. Ó dúró níwájú Nusirat, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Mummy Labeebah, ẹ kú ààwẹ̀ o."

Ṣàràfá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ìlà tòmátì gbé Akin fún Akin!" Apẹ̀rẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ Nusirat. Tòmátì tó wà nínú rẹ̀ ń dán. Ohun tó kù ò ju kó na ọwọ́ lọ, Labeebah á sì wá jẹ mọ́ínmọ́ín.

"O káàbọ̀, ọmọ mi," ni Nusirat wí. "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ."

"Àmín, Mummy."

"Kí n tó gbé e fún ẹ, ìyá ìyàwó ẹ ló jókòó síbẹ̀ yẹn. O ò tíì kí wọn. Lọ kí wọn ná."

Kò pariwo. Bí àgbàlagbà èyíkéyìí ṣe máa ń rán ọmọ létí ìkíni ló ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn Ṣàràfá kò jìnnà sí i lẹ́nu, gbogbo ìlà tòmátì ló gbọ́ ọ, àwọn tó wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù náà gbọ́ ọ.

Akinkúnmi rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Mummy, a máa rí sí ìyẹn tó bá yá."

"Ìkíni ni. Kì í pẹ́."

Mummy Damaris yí àga rẹ̀ padà. Kò bú u, kò sunkún, ó kàn ń wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ata ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ohùn obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn pé, "Lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn jàre!" Ọkùnrin kan sì lọgun pé, "Ìrẹsì ló wá pín fún wa, kí ló kan ọjà nílé ẹ̀?" Akinkúnmi wo àwọn fóònù, ó wo ilẹ̀. Kò lè gbé ẹsẹ̀. Ó fa gíláàsì dúdú bọjú, àwọn èèyàn rẹ̀ yí i ká, jíìpù sì bá tiwọn lọ pẹ̀lú ìrẹsì tí wọn ò tíì pín.

Nusirat gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ síwájú Mummy Damaris.

"Àlàájà, kí lẹ ṣe yìí?" Ṣàràfá ń pariwo, itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ dójú ti wa lójú gbogbo ayé! Ó ti parí. Ẹ máa gbọ́ Labeebah níbí títí ẹ ó fi darúgbó!"

Àwọn mìíràn náà bú u. Wọ́n ní ìlara ló ń ṣe é nítorí pé ọmọ tiẹ̀ ti já. Nusirat jókòó, ó ní Alhamdulillah, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ gbẹ. Ó mọ ohun tó ṣe. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Kò lè pe Labeebah lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, Labeebah náà ò sì pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣàràfá gun orí àpótí rẹ̀. "Labeebah rèé o!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kì í ṣe gbogbo wọn. Mojí, ọmọbìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín jù lára àwọn tó ń tajà níbẹ̀, ní kó wọn ẹ̀sà fún òun, kò sì wo ojú rẹ̀. Ọjà kò yí padà ju ìyẹn lọ. Akin ṣì ń tà. Níbi igbá Nusirat nìkan ni oníbàárà ti béèrè Akin tí wọ́n sọ fún un pé tòmátì líle wà.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Jímọ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù lé aṣọ eré ìdárayá gba àárín àwọn apẹ̀rẹ̀ kọjá, tó wá kúnlẹ̀ síwájú igbá. Nusirat wò ó. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá ojú ọmọ náà mú, bí ẹni ń yẹ nǹkan wò bóyá ó pé.

"Wọn ò tíì yọ ọ́ o," ló kọ́kọ́ rí sọ. "Orúkọ yẹn. Wọn ò yọ ọ́."

"Mo mọ̀, Mummy. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn bí mo ṣe ń bọ̀."

"Kí ló wá gbé ẹ dé?"

"Mo wo fídíò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wò ó." Labeebah ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ẹni tí ìyá ẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló ń sá fún?"

Ó fa aṣọ ìnura ìyá rẹ̀ so mọ́ ìdí, ó jókòó sórí garawa tó máa ń jókòó lé tẹ́lẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí ọkùnrin kan tó dé fìlà fi dúró síwájú wọn, tó ń wo fóònù rẹ̀.

"Ẹ bá mi wọn Labeebah páìntì kan."

Labeebah dìde. "Èmi nìyí, sà. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Ó wo ojú ọmọ náà, ó wo tòmátì, ó tún wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí fìlà, ó ṣí i. "Tòmátì rírọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú." Labeebah wọ̀n ọ́n fún un, ó kún bámúbámú, ó sì tún fi mẹ́rin lé e.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìsọ̀ kejì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Mummy."

"Kí ni mo ṣe?" ni Mummy Damaris béèrè. Ó ń wo ata.

"Ohun tí ẹ ò pè."

Nusirat ń dúpẹ́ lábẹ́nu, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí kò pe orúkọ, lọ́wọ́ ọmọ tí kò dárúkọ ìyá rẹ̀ fún ìgbìmọ̀, kò mọ èyí tó máa fi ṣáájú. Mummy Damaris bu tàtàṣé lé igbá, ó tò ó dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ̀rọ̀ sókè, ketekete, kí gbogbo ìlà lè gbọ́.

"Labeebah."

Àwọn kan bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wá ẹni tó ń ta ẹ̀sà. Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni ti fi orúkọ yẹn pe èèyàn níbẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Mà?" ni Labeebah dáhùn.

"Gbé àga ìyá ẹ súnmọ́ ibí. Oòrùn ti ń pa wọ́n."